Mammet: Ọ̀rọ̀ Tí Ọmọ Wa Bá Nínú Ìwé



Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, òjò ń rọ̀ bí ó ti máa ń rọ̀ ní Manchester, a sì ti parí kéú òwúrọ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké ti ń kó ìwé wọn sínú àpò, àwọn òbí ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbòjò. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa àgbà, ọmọbìnrin ọmọ ọdún márùn-ún-dínlógún tí ó ń múra ìdánwò GCSE, kò dìde ní tirẹ̀. Ó fa ìwé kan yọ nínú àpò rẹ̀. Kì í ṣe ìwé kéú. Eré Romeo and Juliet tí Shakespeare kọ ni, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ilẹ̀ yìí ń fún àwọn ọmọ kà, tí a tẹ àlàyé àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé. Ó fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan tí a kò rí rí: "mammet". Àlàyé tí ó wà nísàlẹ̀ kò gùn rárá: ọmọlangidi.

Ó ní, "Ẹ̀yin àáfà wa, mo wá ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé atúmọ̀-èdè lórí fóònù mi. Wọ́n ní inú orúkọ Ànábì wa ni wọ́n ti yọ ọ́. Ṣé òótọ́ ni?"

A wo ara wa lójú. Nínú àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ náà, nọ́ọ̀sì wà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì wà, oníṣirò owó wà, ẹni tí ó kàwé gboyè nínú èdè Lárúbáwá ní Ìlọrin náà wà. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tí ó lè dá ọmọ náà lóhùn. Bàbá kan láàrin wa ní irọ́ ni, ó ní kò sí bí orúkọ ẹni tí Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ yìn ṣe lè di ọmọlangidi. Ẹlòmíràn ti ń wá bírò, ó ní kí a kọ̀wé sí ilé-ìwé ọmọ náà kíákíá, kí wọ́n gbé ìwé náà kúrò níwájú àwọn ọmọ Mùsùlùmí. Ọmọ náà tẹ orí ba. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́.

"Olùkọ́ wa kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò mọ̀ ọ́n. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n nínú kíláàsì wa. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a ka ojú ewé yìí sókè. Ṣé kí n sọ ọ́ ni, àbí kí n dákẹ́?"

A tọrọ ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbàlagbà tí ọmọdé bi ní ìbéèrè tí kò sì mọ ìdáhùn, ohun tí ó yẹ ẹ́ ni kí ó lọ wádìí, kì í ṣe kí ó máa pariwo. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ mélòó kan nínú ọ̀sẹ̀ náà, bí àwa mẹ́ta bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, a máa ń pàdé ní Central Library, ilé ìkàwé rìbìtì tí ó wà ní St Peter's Square, tí wọ́n ṣí ní 1934. Ọ̀pọ̀ wa ti ń gba iwájú ilé náà kọjá láti ọdún pípẹ́ láìwọ inú rẹ̀ rí. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún yín.

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ.

"Mammet" jẹ́ ọ̀kan nínú oríṣiríṣi ọ̀nà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ gbà ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà: maumet, mawmet, mammet, mommet. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni wọ́n ti gbà á. Ní èdè Faransé ìgbà náà, "mahomet" ni wọ́n ń pe orúkọ Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Orúkọ yìí kan náà ni wọ́n sì ń pe ère tí a ń bọ. Nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ìtumọ̀ tí ó kọ́kọ́ ní níbẹ̀ ni òrìṣà, ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ tí ó sì tún wólẹ̀ fún. Wọ́n tilẹ̀ yọ ọ̀rọ̀ mìíràn jáde lára rẹ̀, "maumetry", tí ó túmọ̀ sí ìbọ̀rìṣà.

Ogun ni ó bí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn akéwì sì ni wọ́n tọ́ ọ dàgbà. Orin ogun kan wà ní èdè Faransé tí ó ń jẹ́ Chanson de Roland, ó ti tó nǹkan bí 900 ọdún tí wọ́n ti kọ ọ́. Nínú rẹ̀, àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Sípéènì ń bọ òrìṣà mẹ́ta, orúkọ Ànábì wa ni akéwì náà sì fún ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí ogun ṣẹ́ wọn, ó ní wọ́n yí ìbínú wọn sí àwọn òrìṣà náà, wọ́n fọ́ wọn, wọ́n sì sọ èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ Ànábì sínú kòtò. A kò nílò láti sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kírun ní ìgbà márùn-ún lójúmọ́ pé kò sí mọ́sáláṣí kan láyé tí irú ère bẹ́ẹ̀ wà. Ẹni tí ó kọ orin náà kò wọ mọ́sáláṣí rí. Ohun tí ó rò pé àwọn ọ̀tá rẹ̀ yóò máa ṣe ni ó kọ sílẹ̀. Òrìṣà kejì nínú mẹ́ta yẹn, Tervagant, wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì bákan náà. "Termagant" ni wọ́n pè é, ó sì ti di èébú fún obìnrin oníjà títí di òní olónìí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀ yìí, ó rí àyè jókòó dáadáa. Ní àwọn ọdún 1380, nígbà tí John Wycliffe àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń tú Bíbélì sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, "mawmet" ni wọ́n lò níbi tí Jòhánù ti ń kìlọ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ pé kí wọ́n yẹra fún òrìṣà. Chaucer tí òun pẹ̀lú wọn jọ gbé ayé lò ó nínú ìtàn rẹ̀. Nínú àwọn eré ìta gbangba tí wọ́n so mọ́ orúkọ ìlú Wakefield ní Yorkshire, tí kò jìnnà sí wa níbí, ọba Hẹ́rọ́dù a máa fi "Mahound" búra. "Mahound" yìí, ẹ̀dà mìíràn ni lára orúkọ Ànábì wa. Bẹ́ẹ̀ sì ni Hẹ́rọ́dù ti kú ní ohun tí ó ju 500 ọdún lọ kí a tó bí Ànábì Muhammad. Àwọn tí wọ́n ń wo eré náà kò bìkítà. Lójú wọn, orúkọ yẹn kì í tún ṣe orúkọ ẹnìkan mọ́. Ohunkóhun tí kò bá ti jẹ́ tiwọn ni ó ń tọ́ka sí.

Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn Kírísítẹ́nì ilẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ń fọ́ ère inú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ kan náà bú ère àwọn ẹni mímọ́ tí àwọn Kátólíìkì ń bọlá fún. Idà tí wọ́n rọ fún wa ni wọ́n fi ń ṣá ara wọn. Lẹ́yìn èyí ni agbára ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ère tí a kò bọ mọ́ ti di ohun ìṣeré. "Mammet" di ọmọlangidi tí ọmọdé ń gbé kiri. Nígbà tí Shakespeare kọ Romeo and Juliet, ní nǹkan bí 1595, ẹnu bàbá tí ó ń bínú sí ọmọ rẹ̀ ni ó fi í sí: ọmọbìnrin náà kọ ọkọ tí bàbá rẹ̀ fẹ́ fún un, bàbá sì pè é ní mammet. Kò sí Mùsùlùmí nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́, kò sí ogun, kò sí òrìṣà. Bàbá tí inú ń bí nìkan ni ó kù. Nígbà tí Bíbélì King James jáde ní 1611, ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú rẹ̀.

Síbẹ̀ kò kú tán. Joseph Wright, ọmọ Yorkshire tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ òwú ní kékeré kí ó tó mọ̀wé kà, tí ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, tẹ ìwé atúmọ̀ ńlá kan jáde láàrin 1898 àti 1905 lórí èdè àdúgbò àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní irú ìgbà náà, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Somerset ṣì ń pe ère aláṣọ àkísà tí wọ́n ń rì mọ́ oko láti fi lé ẹyẹ ní "mommet". Ibi tí orúkọ náà rìn dé nìyẹn, láti Mẹ́kà dé inú oko ọkà ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí àgbẹ̀ kan níbẹ̀ tí ó mọ orúkọ ẹni tí òun ń pè.

A kò lè tijú láti sọ ọ́ fún yín pé omi bọ́ lójú ọ̀kan nínú wa ní ilé ìkàwé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ rò ó wò. Ní ọdún 630, nígbà tí Ànábì wọ Mẹ́kà, 360 ère ni ìtàn sọ pé ó yí Kaaba ká, òun ni ó sì wó wọn lulẹ̀. Gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ni ó fi sọ fún ènìyàn pé kí wọ́n má bọ ohun tí a gbẹ́, kí wọ́n má sì bọ òun pàápàá. Nínú gbogbo orúkọ tí ó wà láyé, orúkọ tirẹ̀ ni àwọn ènìyàn kan mú láti fi pe ère.

Ṣùgbọ́n bí a ti ń bínú, ohun mìíràn tún hàn sí wa. Ìmọ̀ kò wọ́n ní ayé ìgbà náà. Ní 1143, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ń jẹ́ Robert, ará Ketton, ti tú Àlùkùránì sí èdè Látìn ní Sípéènì. Kò fẹ́ràn ẹ̀sìn wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè ka ìwé náà kí ó má mọ̀ pé Ọlọ́hun kan ṣoṣo ni Mùsùlùmí ń sìn. Èdè Látìn ni ó fi kọ ọ́. Àwọn àlùfáà àti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni ó lè kà á. Ní ọjà àti ní ìta gbangba, èdè tí àwọn ènìyàn gbọ́ ni wọ́n fi ń ṣeré Hẹ́rọ́dù. Ọdún 1649 ni odidi Àlùkùránì tó jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, láti ọwọ́ Alexander Ross, inú èdè Faransé sì ni òun náà ti tú u. George Sale kò gbé tirẹ̀, tí ó tú láti inú Lárúbáwá, jáde títí di 1734. Èyí ni pé ọ̀rọ̀ "mammet" ti lò ju 400 ọdún lọ lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì kí ará ọjà kan lára wọn tó lè ṣí Àlùkùránì ní èdè abínibí rẹ̀ kí ó sì rí i pé irọ́ ni. Ìmọ̀ tí a tì mọ́ inú àpótí kò lè dá ọ̀rọ̀ tí ń rìn nígboro dúró. Lónìí, ní Deansgate, níbi tí ilé ìkàwé John Rylands wà láti ọdún 1900, Àlùkùránì ràgàjì kan tí wọ́n kọ fún Qansuh al-Ghawri, ọba Íjíbítì, wà nínú ìṣúra wọn. Ó ń bẹ ní ìlú wa, kò sì jìnnà sí ibi tí ọmọ wa ti ń ra bàtà.

Ọ̀rọ̀ náà mú wa ronú kan èdè tiwa. Ahọ́n Yorùbá náà ti lọ́ orúkọ Ànábì. Ta ni nínú wa tí kò ní bàbá àgbà kan tí ó ń jẹ́ Mọ̀mọ́dù? Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ ni ó dà lẹ́nu wa, orúkọ tí ìyá fi ń pe ọmọ wá jẹun. Àwọn baba wa kò gbọ́ ìròyìn Mùsùlùmí láti ẹnu akéwì ogun. Oníṣòwò ni wọ́n rí, àlejò tí ó sọ̀ sí ilé wọn, tí ó ń wúre fún ọmọ wọn. Láti Mali ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé a ti mú orúkọ "Ìmàle" wá, nítorí ibẹ̀ ni àwọn àlejò wọ̀nyí ti wá. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Brazil, orúkọ náà bá wọn lọ: ìdìtẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí ṣe ní Salvador, ní Bahia, nínú oṣù Ramadan, ní January 1835, ìdìtẹ̀ àwọn "Malê" ni wọ́n ń pè é di òní. Ẹ tún wo àlàáfíà, àlùbáríkà, sùúrù, wákàtí, sábàbí. Ẹ wo Bíbélì Yorùbá tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní 1884, tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ṣe aáyan rẹ̀: nígbà tí wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò pe àlùfáà àti wòlíì àti àdúrà, ọ̀dọ̀ aládùúgbò wọn Mùsùlùmí ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ náà yá. Ẹni tí a bá jọ ń pọnmi ní odò kan náà, ó ṣòro kí a tó sọ orúkọ bàbá rẹ̀ di òrìṣà.

Pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀ ni a fi padà sí ilé kéú ní Sátidé kejì. A ti pe àwọn òbí jọ. Ọmọ náà jókòó níwájú. A ka ohun tí a rí sí wọn létí gẹ́gẹ́ bí a ti kà á fún yín yìí. Nígbà tí a parí, bàbá tí ó ti kọ́kọ́ sọ pé irọ́ ni dìde, ó mi orí, ó sì fi òwe dí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà níí dá sílẹ̀." Gbogbo wa ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí òwe tí ó bá ọ̀rọ̀ náà mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá kan wà láàrin wa tí kì í pẹ́ kí ó tó dé, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ni ó ń se oúnjẹ ìṣínu fún wa nínú ààwẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ béèrè nǹkan kan.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá wa, ta ni Ègùn tí ẹ ń sọ yìí?"

Bàbá náà ní òwe lásán ni, pé bí a ṣe bá a nílẹ̀ nìyẹn.

Ìyá náà ní, "Àgbádárìgì ni wọ́n ti bí ìyá mi. Ègùn ni. Ó gbọ́ Ègùn, ó gbọ́ Yorùbá dé inú òwe, ó sì gbọ́ Faransé nítorí pé Àjàṣẹ́ ni ó ti ń ṣòwò. Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń bá yín kírun níbí, tí mo sì ń gbọ́ òwe yẹn lẹ́nu yín. Nínú ìyá mi tí ó gbọ́ èdè yín àti ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ ẹyọ kan nínú èdè rẹ̀, ta ni àgbọ́ìgbọ́tán?"

Yàrá náà dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ọmọ ń wo ojú wa, nítorí wọn kò tíì rí ọjọ́ tí ẹnìkan mú àwọn àgbà ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Kò bínú, kò sì gbé ohùn sókè. Ohun tí ó dùn wá jù ni pé ọdún méjìlá ni ó ti fi ọ̀rọ̀ náà sínú, tí ó ń bu ọbẹ̀ fún wa.

Ẹ̀yin ará, kò sí ohun tí a lè fi gba ara wa sílẹ̀. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe sọ orúkọ tí kò jẹ́ tiwọn di ọ̀rọ̀ fún ohun tí wọn kò fẹ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwa náà sọ orúkọ aládùúgbò wa di ọ̀rọ̀ fún àìgbọ́ran. Bí àgbẹ̀ Somerset kò ṣe mọ ẹni tí òun ń pè ni bàbá wa náà kò ṣe rò ó pé ènìyàn ń bẹ tí ń jẹ́ Ègùn. Ó tilẹ̀ burú jù fún wa, nítorí pé ìtòsí ni a wà. A ti ń yangàn ní ilé ìkàwé pé ẹni tí a bá jọ ń pọnmi kò lè di ẹni èébú lẹ́nu wa. Àwọn Ègùn ni a bá jọ ń pọnmi. Bí a bá tún fẹ́ ka òmíràn mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí a wo "kèfèrí", ọ̀rọ̀ tí ó ti inú Lárúbáwá wá, tí ọ̀pọ̀ wa ń sọ lù àwọn mọ̀lẹ́bí wa nílé láìrò ó. Ọlọ́hun sì ti kọ̀ ọ́ fún wa nínú Àlùkùránì, nínú Súúrà Hujurat, pé kí àwọn kan má fi àwọn kan ṣe yẹ̀yẹ́, kí a má sì máa fi orúkọ burúkú pe ara wa. Àwọn ọmọ wa ti há súúrà náà sórí. Àwa ni a kọ́ wọn.

Bàbá náà dìde. Ẹni àádọ́rin ọdún ni. Ó ní, "Ìyá wa, ẹ forí jì mí. Mi ò rò ó rí." Ìyá náà ní ó ti tán. Ẹni tí ó fẹ́ kọ̀wé sí ilé-ìwé ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá wá béèrè lọ́wọ́ ìyá náà bóyá kí a pa òwe náà rẹ́ pátápátá kúrò lẹ́nu wa. Ó dáhùn pé òun kò béèrè bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bí ẹ bá pa á rẹ́, àwọn ọmọ kò ní mọ̀ pé ẹ sọ ọ́ rí. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún wọn."

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó di ìdáhùn wa fún ọmọ náà. A kò kọ̀wé sí ilé-ìwé. A ní kí ó sọ ọ́ ní kíláàsì, kí ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó fún ènìyàn ní ohun tí ó sọnù, kì í ṣe bí ẹni tí ó mú olè. A sì rán an létí pé àwọn ọ̀rọ̀ máa ń kú bí a bá mọ ara wa. Nígbà èwe àwọn bàbá wa, "Mohammedan" ni àwọn òyìnbó ń kọ sínú ìwé ìjọba bí wọ́n bá fẹ́ pè wá, bí ẹni pé Ànábì ni à ń sìn. Lónìí, ta ni ó tún ń sọ bẹ́ẹ̀? Agbẹjọ́rò kan ní Liverpool, ní ìtòsí wa níbí, William Henry Quilliam, gba ẹ̀sìn Islam ní 1887, ó sì di Abdullah. Ní 1894, òun ni Sultan àwọn Ottoman rán lọ sí Èkó láti ṣojú rẹ̀ níbi ìṣílé mọ́sáláṣí Shitta-Bey. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá àwọn baba wa yọ̀. Ẹni tí ó ti bá wa jókòó lórí ẹní kan náà kò ní bi wá léèrè ère wo ni à ń bọ.

Ọmọ náà sọ ọ́. Ó ní òun kò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan béèrè bóyá Mùsùlùmí ní ère kankan nínú mọ́sáláṣí, ó ní rárá, kí ó wá wò ó ní ọjọ́ Jímọ̀. Olùkọ́ rẹ̀ kò sọ ohun púpọ̀. Ó ní òun ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré náà láti ọjọ́ pípẹ́, pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ó wá mú pẹ́ńsù, ó sì kọ nǹkan sí etí ojú ewé nínú ìwé tirẹ̀, èyí tí ó ń lò lọ́dọọdún. Ọmọ wa ní òun kò rí ohun tí ó kọ, ṣùgbọ́n ó gùn ju ọ̀rọ̀ kan lọ.

Ní ti àwa náà, a ṣì ń pa òwe náà ní ilé kéú, nítorí òótọ́ inú rẹ̀ kò ṣé é sọnù: àgbọ́ìgbọ́tán, ìjà níí dá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni à ń dé dúró. Bí ọmọ kan bá sì sọ pé ní ilé àwọn, orúkọ kan wà láàrin rẹ̀, a ó sọ ìdí tí a fi yọ ọ́ fún un, a ó sì ní kí ó lọ kí ìyá wa tí ó jókòó sẹ́yìn.

Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ ahọ́n wa, kí ó sì fi wá mọ àwọn aládùúgbò wa. Àmín.